Ìyá Ìmọ́tótó àti Dọ́síbìn Ìjọba

Bí ẹ bá dé àdúgbò kan lẹ́yìn Oko Ọba, tí ẹ ní Sùlíyá lẹ ń wá, àwọn ènìyàn á máa wo ara wọn lójú ni. Ìyá Ìmọ́tótó ni kí ẹ béèrè. Kò sí ọba tó fi í jẹ oyè náà. Ẹnu rẹ̀ ló fi jẹ ẹ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi bá wọn ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà kó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa lu òǹtẹ̀ sára páálí: ọjọ́ tí wọ́n di bísíkíìtì, àti nọ́ńbà ẹni tó dì í. Bí ẹnì kan ní Kánò bá ra páálí, tó bá bísíkíìtì tó ti rún nínú rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ni ọ̀gá yóò tẹ̀ lé títí tí yóò fi dé iwájú ẹni tó dì í. Ìyẹn ló jẹ́ kí Sùlíyá gbà pé kò sí ohun tó ń sọnù láyé yìí. Ẹni tí wọn kò bá rí mú, wọn kò tíì wo ara páálí rẹ̀ dáadáa ni.

Nígbà tí káńsù gbé dọ́síbìn aláwọ̀ ewé kan kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ iwájú àdúgbò, bí ẹni pé wọ́n gbé e wá fún Sùlíyá ni. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé ti èrò ọ̀nà nìkan ni, pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti kùkù àgbàdo ló wà fún, àti pé ẹni tó bá da ìdọ̀tí ilé sí i yóò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà. Ọ̀gbẹ́ni Johnson, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń bójú tó o, fún Sùlíyá ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kábàámọ̀.

Lóṣù tó kọjá, Sùlíyá rí Rachael onídìrí, aládùúgbò rẹ̀, tó ń ti èèpo iṣu bọ inú dọ́síbìn náà. Ó ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun, ló bá pe Johnson. Rachael san owó ìtanràn láìjanpata. Láti ìgbà náà, tó bá ti rí Sùlíyá, á kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ṣùgbọ́n kì í wo ojú rẹ̀. Kò sí ìkíni tó pé tó yẹn, kò sì sí èyí tó ń roni lára tó o.

Ìgbà tó yá, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ilé kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Dúrọ́ọ̀mù ẹnu ọ̀nà kún, ìdin ń rìn létí rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, Sùlíyá fi ẹja tútù se ọbẹ̀, ó sì di ìfun rẹ̀ sínú ọ̀rá. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ayálégbé kan dúró lójúde, ó béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé pé ṣé yàrá Ìyá Ìmọ́tótó ni òórùn yìí ti ń wá. Kò bú u o. Ìbéèrè lásán ni.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Sùlíyá jókòó ti ìdọ̀tí rẹ̀, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ káàdì ọsibítù kúrò. Ó yọ bíìlì iná. Ó ya orúkọ kúrò lára páálí oògùn, ó sì fi ìṣáná sun ún. Ìgbà tó dá a lójú pé kò ku orúkọ kankan níbẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tó ń fi báàgì kọ́ sí, ó fa ọ̀kan yọ. Kò síná, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sì ṣókùnkùn. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì náà, ó fi híjáàbù bò ó, ó gbé e lọ sí ibùdókọ̀, ó sì padà wá sùn.

Ní aago mẹ́wàá, Johnson pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ ní dọ́síbìn. Ó lọ pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tí wọ́n pè sípàdé. Èrò ti pé jọ, Rachael wà láàrin wọn. Johnson gbé báàgì kan sókè, Alàájì Gàníyù ló sì ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀ pẹ̀lú fìlà funfun.

Gàníyù ni ọkọ Sùlíyá. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ tẹ àwòrán rẹ̀ sára báàgì, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé sí i, wọ́n sì pín in fún ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Sùlíyá fi pamọ́ fún ara rẹ̀.

Sùlíyá wá mọ báàgì tó fà yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lu òǹtẹ̀ sára páálí fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kì í tètè bẹ̀rù.

"Ọ̀gbẹ́ni Johnson," ó ní, "ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn la fún ní báàgì yìí. Ṣé gbogbo wọn lẹ fẹ́ mú ni?"

Johnson da ìdọ̀tí náà sílẹ̀, ó fi igi tú u. Kò rí orúkọ kankan. Ó ní ẹni tó ṣe eléyìí, ó mọṣẹ́. Ó wá béèrè ta ni nínú àwọn tó gba báàgì tó ń gbé nítòsí, tó sì ti ṣe irú ẹ̀ rí. Gbogbo ojú yí sí Rachael. Bí wọ́n bá mú un lẹ́ẹ̀kejì, kóòtù ni. Sùlíyá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́.

Rachael kò jiyàn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó sì gbé báàgì tirẹ̀ jáde. Ó mọ́ tónítóní, ó ń dán bí aṣọ tí wọ́n lọ̀, Bíbélì wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ló fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé Alàájì kò fi ojú burúkú wo òun rí.

Johnson mí kanlẹ̀. Ó ní kò sí ẹ̀rí, kí kálukú máa lọ. Ó ká báàgì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ rúgúrúgú láti sọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ káńsù. Omi ẹja ń ṣàn lójú Gàníyù. Sùlíyá ti mórí bọ́, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sí báàgì náà. Ìtìjú mú un, ọkọ rẹ̀ sì ṣe é láàánú.

"Ẹ gbé e fún mi," ó ní. "Tèmi ni. Èmi ni mo dà á síbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Johnson yọ ìwé ìtanràn, ó béèrè orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó kọ ọ́, ó sì gbé báàgì náà fún un. Rachael kó Bíbélì rẹ̀ kúrò nínú báàgì, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Sùlíyá.

"Mummy, ẹ gba tèmi. Tiyín ti bàjẹ́."

Lọ́jọ́ yìí, ó wo ojú rẹ̀.

"Jẹ́ kó máa gbé lọ́dọ̀ rẹ," Sùlíyá dáhùn. "Ìwọ lo tọ́jú ẹ̀."

Ó gbá èyí tó bàjẹ́ mọ́ àyà, ó sì gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé.