Gbólóhùn Tí Mo Fi Kún Ìwé Ìléwọ́

Ọdún tí àwọn sọ́jà ti yunifásítì wa ní Akoka pa ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ irọ́ tí màmá mi gbà gbọ́. Ẹ̀bi ìjọba pọ̀ tí mo lè kà sí wọn lọ́rùn: ilé ìwòsàn tí kò ní oògùn, dókítà tó ń kọ orúkọ oògùn sínú ìwé bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí òkú. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tiwọn. Tèmi ni.

Àbúrò màmá mi ọkùnrin ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ṣómólú. Nígbà tí mo jókòó sílé láìríṣe, ó ní kí n máa ka iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n yọ àṣìṣe inú rẹ̀. Màmá mi ní tirẹ̀ máa ń ká ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ sí méjì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bàrígà. Ó ti rí kàlẹ́ńdà tí wọ́n tẹ oṣù kan sí lẹ́ẹ̀mejì rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀. Ó mọ bí ìwé ṣe ń jáde.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ta àgbo inú ìgò gbé ìwé ìléwọ́ wá. Ohun tó kọ kò ju pé àgbo òun ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Ọ̀rọ̀ náà gbẹ lójú mi. Mo fi gbólóhùn kan kún un: "Ìwádìí àwọn dókítà ti fi hàn pé ẹni tó bá ń mu ún kò nílò oògùn òyìnbó mọ́." Ó dúpẹ́, orí mi wú. Màmá mi, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, ló ká ìwé náà. N kò mọ̀ pé ó yọ ọ̀kan pamọ́.

Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Orí ń fọ́ ọ láràárọ̀, ó ń di ògiri mú kó tó dìde. Mo wo ibi tí oògùn rẹ̀ wà: kò dín. Ìgò àgbo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ àgbo yẹn. Ó fa ìwé ìléwọ́ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi ìka tọ́ gbólóhùn mi.

"Ṣé o wá mọ̀ ju dókítà lọ ni? Ìwọ tí wọ́n ti ilé ìwé yín pa bí ṣọ́ọ̀bù."

"Màámi, èmi ni mo kọ ọ́. Èmi gan-an."

Ó ní òun mọ̀ pé mo lè sọ ohunkóhun kí òun ṣáà lè gbé oògùn kíkorò yẹn mì. Ta ni yóò náwó tẹ irọ́ nínú ìyà báyìí?

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mo ń retí kí ó ṣubú. Lọ́jọ́ kẹrin mo lọ bá àbúrò rẹ̀. Ó bú mi, ó bú ara rẹ̀, ó sì to lẹ́tà ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀: "Ìkìlọ̀! Ìwádìí tuntun àwọn dókítà ti fi hàn pé ẹni tó bá fi àgbo inú ìgò rọ́pò oògùn òyìnbó lè rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀." Kò sí ìwádìí kankan, tuntun tàbí àtijọ́. A tẹ̀ ẹ́, a kó o mọ́ iṣẹ́ tí màmá mi fẹ́ ká.

Ó kà á nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó dìde, ó gbé hóró oògùn kan mì, ó wá kọjú sí mi.

"Ṣé o rí i? Àwọn tó mọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ kàn ń pariwo ni."

Ó ní kí n mú ẹ̀dà kan lọ fún ìyá onílé wa, pé ìyẹn náà ń mu àgbo yẹn. Hóró mẹ́sàn-án ló kù nínú oògùn màmá mi, kò sì sí òmíràn nílé ìwòsàn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá onílé, ìwé lọ́wọ́, n kò tíì kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun náà yóò gbà á gbọ́, kò ní bi mí pé ta ló kọ ọ́.