Irin Fèrèsé Jórinjórin

Ọgbọ̀n ọdún ni Jórinjórin fi jó irin sí fèrèsé gbogbo àdúgbò, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi lórí iṣẹ́ náà. Á ní olè tó bá lè já irin òun, kó kúkú wọlé wá jẹun, ó ti ṣiṣẹ́. Fèrèsé yàrá tirẹ̀ ló fi èyí tó nípọn jù sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí wá le kọjá àfẹnusọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá náà dákú sínú oòrùn níwájú ilé, nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ jáde láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́rin. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún alágídí kó gbọ́? Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ ní ilé-iṣẹ́ kan, gbé garawa omi àti tówẹ̀lì sílẹ̀ fún un, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láti ìta, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ẹnìkan dáná sun ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé. Afẹ́fẹ́ gbé iná náà sínú koríko gbígbẹ, ó sì ran ilé ìdáná. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Jórinjórin fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, ó gbóná. Ó fa irin fèrèsé, kò mira. Ẹni tó fi iná jẹun láti ìgbà èwe, iná wá ń bà á lẹ́rù. Àfọwọ́fà ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ki aṣọ ibùsùn tútù sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi tówẹ̀lì tútù bo imú, ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó sì ń kígbe pe Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì, tó sì kọ́ ilé náà fún un. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bú ara wọn. Jórinjórin a máa ní yanrìn lásán ni ọ̀rẹ́ òun ń tò jọ, pé simẹ́ńtì kàn ń kí i kọjá ni.

Bíríkìlà gbé òòlù ńlá dé. Ó lu irin náà, òòlù ta padà.

"Níbo ló ti rọ̀?" Bíríkìlà béèrè.

"Kò síbi tó rọ̀." Omi bọ́ lójú Jórinjórin. Ọjọ́ kìíní nìyí tí iṣẹ́ rere rẹ̀ máa dùn ún. "Fi irin sílẹ̀. Ògiri rẹ ni kó o lù."

Bíríkìlà kọjú òòlù sí ògiri. Nígbà tó lù ú lẹ́ẹ̀kẹrin, búlọ́ọ̀kù rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Fèrèsé ṣubú lódindi, irin kankan kò tẹ̀, Bíríkìlà sì fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde.

Ọmọ Jórinjórin sáré dé, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó wo ihò náà, ó wo bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ dì í mú, ṣùgbọ́n títì ló ń wò. Fèrèsé onírin ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn tó sá fún oòrùn sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

"Bá mi gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gé irin wá," ó sọ fún Bíríkìlà. "Ilé rẹ la ó ti bẹ̀rẹ̀."