Bídọ̀n Kẹta

Òórùn eérú tútù ni mo fi ń rántí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu. Eérú, ọṣẹ àti iyanrìn la fi ń fọ bídọ̀n, ike ńlá tí a ń rọ omi sí. Ìwọ tí o dàgbà sí etí odò kò lè mọ ohun tí bídọ̀n jẹ́ fún wa lórí òkè yìí. Kànga wa jìn débi pé okùn á ti bó ọ lọ́wọ́ kí korobá tó jáde. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í sọ bídọ̀n nù lọ́dọ̀ wa, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n fi gbé oògùn tí ń pa kòkòrò òwú wá. Eérú la ó fi fọ̀ ọ́, a ó fi iyanrìn gbọ̀n ọ́n nínú, a ó wá gbé e sínú oòrùn fún ọjọ́ méje. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, gbogbo ilé ló sì ń ṣe é.

Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ bá ti gba ìsinmi gígùn, gbogbo wa á kó lọ sí ahéré ọkọ mi lẹ́yìn Adakplamè, a ó máa sùn níbẹ̀ títí a ó fi kó àgbàdo tán. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju ọdún lọ. Èmi ni mo ń di ẹrù, mo sì ń fi í yangàn: ẹní méjì, àwọ̀n ẹ̀fọn, gàrí, iyọ̀, ìṣáná tí mo wé sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, á jókòó gelete sórí ẹrù, á ní òun náà jẹ́ ẹrù, kí n di òun mọ́ ọn. Mo máa ń ní, "Irú ẹrù wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí?" Ẹ̀rín á pa á.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọkọ mi ti ṣáájú wa lọ tún òrùlé ahéré ṣe. Ó ránṣẹ́ pé ọ̀bọ ti wọ inú àgbàdo, kí a tètè máa bọ̀. Bídọ̀n méjì péré ni mo ní tó mọ́. Ẹ̀kẹta ṣì wà nínú oòrùn, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni. Ìyá ọkọ mi wò ó, ó ní, "Ìyàwó, oòrùn kò tíì pa èyí tó o." Mo ní, "Ìyá, òùngbẹ kò ní dúró de oòrùn." Mo fi imú sí ẹnu bídọ̀n náà. Mo tún fi ọṣẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rọ omi kún un, oní-sẹ́míjàn tó wá gbé wa sì so ó mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. N kò ní purọ́ fún ọ. Oògùn ṣì ń rùn díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ òórùn náà.

Ọjọ́ kẹrin ni omi bídọ̀n méjì àkọ́kọ́ tán. Ọ̀sán gangan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú àgbàdo bọ̀, ọ̀fun gbogbo wa gbẹ. Nílé wa, bí a bá ṣí omi tuntun, ọmọ tó kéré jù ló ń kọ́kọ́ mu, lẹ́yìn náà àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àgbà ló ń kẹ́yìn. Ìfẹ́ la kà á sí. Mo bu ife kan fún àbíkẹ́yìn mi. Ó mu díẹ̀, ó gbé ẹnu kúrò, ó ní, "Ìyá, omi yìí korò." Mo ní, "Mu ún, má fi omi ṣòfò." Ó wojú mi, ó sì mu ún tán, nítorí ọmọ tó ń gbọ́ràn ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti na ọwọ́ fún ife tirẹ̀ nígbà tí àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo da omi náà nù. Kò pẹ́ tí gìrì fi mú un, itọ́ ń ho lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi sáré dé, ó wo ọmọ, ó wo bídọ̀n. "Níbo lo ti rí eléyìí?" Ìyẹn nìkan ló bi mí, kò sì tún bi mí ní nǹkan kan lórí rẹ̀ títí di òní. Ìbá sàn kó ti nà mí. Ó wa alùpùpù, mo gbé ọmọ sáyà lẹ́yìn rẹ̀, òjò sì ti ba ọ̀nà pupa yẹn jẹ́. A kò tíì dé Kétu tí ọwọ́ rẹ̀ fi tú lára aṣọ mi. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi nílé ìwòsàn fa aṣọ bò ó lójú.

Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá ọkọ mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀, kí n lè jẹun ló ṣe ń sọ ọ́. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ọlọ́run kọ́ ló bu omi náà. Nígbà tí mo tú ẹrù ahéré, mo bá aṣọ kékeré kan tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti dì sáàárín ẹní: ṣíbí kan àti bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀.

Ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ yòókù ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, a ṣì ń lọ sí ahéré, èmi náà ni mo sì ń di ẹrù. Bí a bá ṣí omi, èmi ni mo ń kọ́kọ́ mu. N ó mu ife kan tán, n ó jókòó, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n, wọ́n á máa wò mí, ó máa ń pẹ́ kí n tó bu tiwọn. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà rí mi, ó ní, "Irú ìyá wo ló ń mu omi ṣáájú ọmọ?" Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ dá a lóhùn, mo fi ojú sọ fún un pé kó dákẹ́. Obìnrin náà kò ṣẹ̀ mí. Èmi náà ti jẹ́ ìyá tó ń fún ọmọ mu ṣáájú rí.