Kòkó tí Ìyá Ràmọ́nì Kò Jẹ Rí

Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa ní Ṣakí. Àwáwù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ràmọ́nì ni gbogbo wa ń pè é. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ilé tèmi. Omi tútù ni mo ń tà, mo sì ní fíríìsà ńlá kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fíríìsà yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣojú mi.

Ìlerò ni wọ́n bí Ìyá Ràmọ́nì sí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó bá Ràsáàkì, ọkọ rẹ̀, lọ sí ìgbèríko Òǹdó láti ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n lò níbẹ̀. Ràsáàkì á gé kòkó lórí igi, ìyàwó rẹ̀ á ṣà á jọ, á fọ́ ọ, á kó hóró inú rẹ̀ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà títí yóò fi gbóná tí yóò sì kan, lẹ́yìn náà á sá a sóòrùn. Bí òjò bá ṣú, tòun ti oyún ni ó máa ń sáré kó kòkó wọlé. Bí ó bá ti gbẹ, wọ́n á dì í sínú àpò, ọkọ̀ á wá gbé e lọ. Ó parí nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe níbi tó ń lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Nígbà tí Ràsáàkì kú, Ìyá Ràmọ́nì mú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó padà wá sí Ṣakí tí í ṣe ìlú ọkọ rẹ̀.

Ràmọ́nì dàgbà, ó di bíríkìlà, ó sì fẹ́ Misturat, ọmọ Òkèhò. Ẹ̀pà yíyan ni iṣẹ́ Misturat. Ẹ̀pà rẹ̀ kì í jóná, èèyàn kì í sì í bá yanrìn nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn kì í fẹ́ gbéra láìra ìgò kan dání.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Misturat lọ ra ẹ̀pà lóko. Bí ó ti ń bọ̀, ọ̀kadà tó gbé e yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ṣubú lé e. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ lójú méjì. Oṣù méje ni kò fi lè dìde. Ìgbòho ni Ràmọ́nì ti ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Ta ló wá kù? Ìyá ọkọ rẹ̀ náà ni, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń gbé póò rẹ̀ dà nù, òun ló ń fi àyà tì í kó lè jókòó jẹun. Kò mọ síbẹ̀. Ó gbé agbada ẹ̀pà kaná, ó ń yan án, ó ń tà á, kí àwọn oníbàárà ìyàwó ọmọ rẹ̀ má baà gba ibòmíì lọ.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣebí ìyàwó ló yẹ kó máa wẹ̀ fún ìyá ọkọ."

Ó wò mí lójú. "Ta ló ṣòfin yẹn? Ẹni tí ara ẹ̀ ò yá là ń wẹ̀ fún."

Ọlọ́run gbà fún wọn. Misturat fi igi rìn, nígbà tó yá ó ju igi nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Èmi gan-an ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ wọn.

"Màmá, ọpẹ́ ẹnu mi ò tó. Ẹ sọ ohun kan tí ọkàn yín ń fẹ́. Ì báà jẹ́ aṣọ, ì báà jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ kí àwọn ará Ìlerò."

"Aṣọ kẹ̀? Èyí tó wà nínú àpótí, ta ni yóò bá mi wọ̀ ọ́ tán?" Ìyá fà á dìde. "Ohun kan ń bẹ o. Wọ́n ní nǹkan jíjẹ ni wọ́n ń fi kòkó ṣe, àbí? Mo fi gbogbo ìgbà èwe mi ṣiṣẹ́ kòkó, mi ò mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Omi dídùn ara ẹ̀ nìkan la máa ń lá nígbà tá a bá ń fọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Misturat lára. Ó wá inú fóònù rẹ̀ títí ó fi rí obìnrin kan tó ń ṣe ìpápánu kan tí wọ́n fi ṣokoléètì, ìyẹn kòkó tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ṣúgà, àti ẹ̀pà lílọ̀ ṣe, tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn nínú àwo, tí wọ́n sì mú kó tutù. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́, kò béèrè eyín, Ìyá Ràmọ́nì kò sì ní eyín púpọ̀ mọ́. Misturat ra kòkó lílọ̀ inú ọ̀rá lọ́jà. Ìyá tú ọ̀rá náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un dì.

"Ìyàwó, má bínú o. Èyí kì í ṣe kòkó. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pa láró ni."

Ó ní kí wọ́n bá òun pe Mọ́ládé, ọmọ olóko tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún. Òun ló jogún oko náà, wọ́n sì máa ń kí ara wọn lọ́dún lọ́dún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àpò kékeré kan fi dé sí gáréèjì, ojúlówó kòkó gbígbẹ ló kún inú rẹ̀. Ìyá ki ọwọ́ bọ àpò náà, kò sì tètè yọ ọ́.

Misturat gbé agbada kaná, ó ń ro kòkó lórí iná jẹ́jẹ́. Nígbà tí èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, ó sì gbé èmi náà dé ọ̀dọ̀ wọn. "Bí nǹkan kíkan ló máa ń rùn lọ́dọ̀ wa," Ìyá wí. "Mi ò mọ̀ pé ó lè ta sánsán báyìí." Wọ́n bó o, wọ́n fi atẹ́ fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n dà á sínú ẹ̀rọ kékeré afọwọ́yí tí Misturat fi ń lọ ẹ̀pà. Ó kọ́kọ́ jáde bí ìyẹ̀fun. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, epo yọ lára rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ń ṣàn, ó dúdú, ó ń dán.

Ìyá pàtẹ́wọ́. "Àbúrò ẹ̀pà mà ni kòkó yìí, Ìyàwó!"

Misturat fi ìka tọ́ ọ wò, ó fún ojú pọ̀. "Ó korò bí ewúro, Màmá. Ṣé kí n bù ú fún yín?"

"Rárá o. Mo ti dúró láti ìgbà èwe mi. Wákàtí mélòó ló kù?"

Misturat fọ́ bisikíìtì, ó fi bọ́tà pò ó, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àwo. Ó po ẹ̀pà lílọ̀ pọ̀ mọ́ mílíìkì àti oyin, ó tẹ́ ìyẹn lé e. Ó wá gbé kòkó àti ṣúgà sórí omi híhó kí wọ́n lè yọ́ pọ̀. Bí ó ṣe ṣí ìdérí, omi kán sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dì, ó le bí amọ̀. Misturat gbé e, ó fẹ́ lọ dà á nù. Ẹkún ti ń gbọ̀n ọ́n.

"Má dà á nù," Ìyá wí. "Bí ẹ̀pà bá dì mọ́ni lọ́wọ́ nígbà tá a fẹ́ fi í sọbẹ̀, kí là ń ṣe? Ṣebí omi gbígbóná la fi ń tú u díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n gbé mílíìkì kaná, wọ́n ń fi ṣíbí bù ú sí i, wọ́n ń rò ó. Lóòótọ́, ó tú. Ó tilẹ̀ ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Misturat dà á sókè àwo, ó sì gbé e wá fún mi. Kò síná láti àná, ṣùgbọ́n yìnyín ṣì pọ̀ nínú fíríìsà mi. Mo ṣàyè fún àwo náà láàárín àwọn omi mi.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e jáde. Misturat kúnlẹ̀, ó bu ṣíbí kan fún Ìyá. Ìyá ní Bísímílláhì, ó fi sẹ́nu, ó pa ojú dé. A dúró, a ń wò ó.

"Ó kọ́kọ́ korò díẹ̀," ó wí nígbà tó yá. "Ẹ̀pà wá bá a níbẹ̀, ó wá dùn. Alhamdulillahi." Ó tún bù ú. "Ràsáàkì ì bá jẹ ẹ́. Ì bá ní kí n bu tòun kún." Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. "Mo rò pé làálàá lásán la ṣe lóko yẹn. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tó dára báyìí là ń ṣe fún àwọn èèyàn."

"Màmá, ẹ ṣeun," Misturat ń wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ ò fi mí sílẹ̀."

"Èmi ni mo ń dúpẹ́. Mélòó nínú àwa àgbà ni ọmọ ń bi léèrè ohun tó wù ú?"

Wọ́n fún èmi náà jẹ. Mi ò ní purọ́, mo lá ṣíbí.

Ìyá ní dandan ni kí wọ́n pe Mọ́ládé. Nígbà tó ròyìn tán, Mọ́ládé ní, "Màmá, èmi tí mo ni oko náà, mi ò jẹ kòkó oko wa rí o. Èyí tí òyìnbó ṣe ni mo máa ń rà fún àwọn ọmọ."

Ojú Ìyá ṣí gbòòrò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Misturat fi ẹ̀pà, oyin àti ìyókù kòkó náà ṣe nǹkan roboto-roboto, ó wé wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo fún wọn ní yìnyín, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, wọ́n gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sí Òǹdó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ìyá fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ awakọ̀ náà pé kó má gbé e sí ibi tí oòrùn yóò ti pa á.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Mọ́ládé ni. Ẹnu rẹ̀ kún débi pé a ò gbọ́ ju "ẹ ṣé o, Màmá, ẹ ṣé o" lọ.