Abẹ́rẹ́ Olórí Pupa

Nígbà tí mo jáde ìwé, ìjọba kì í gba òṣìṣẹ́ mọ́. Ìjọba tiwa-n-tiwa ti dé, gbogbo ẹnu ti là, rédíò ń sọ̀rọ̀ òmìnira láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí. Àwa tí a mú ìwé ẹ̀rí dání ní ìlú wa, Tchaourou, ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, à ń jiyàn òṣèlú, à ń jẹ máńgòrò tí kò tíì pọ́n. Nítorí náà, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun gbà mí síṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, èyí tí a ń pè ní sitáàjì. Wọ́n fún mi ní kẹ̀kẹ́ kan, ìwé ńlá kan, àti fìlà tó tóbi jù fún orí mi.

Mo yájú nígbà náà. Mo gbọ́ Faransé dáadáa, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé, tí àwọn ọmọdé ń kígbe pé "Dókítà! Dókítà!", n kì í sọ fún wọn pé ohun tí mo mọ̀ kò ju kí n gbé ọmọ ọwọ́ sórí ìwọ̀n lọ.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni pé kí obìnrin má ṣe kú mọ́ nítorí ọmọ bíbí. Odò kan wà lójú ọ̀nà láàárín Tchaourou àti abúlé Goro. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewúrẹ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá nínú rẹ̀. Bí òjò bá wá le, omi á bo afárá mọ́lẹ̀, ọ̀nà á sì dí fún ọjọ́ púpọ̀. Obìnrin tí ìrọbí bá mú ní òdìkejì, ọwọ́ Ọlọ́run ló kù sí. Ọ̀gá wa, òyìnbó obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí gbogbo wa ń pè ní Madame, kọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí Tchaourou, ó to ibùsùn díẹ̀ sí i. Kí omi tó kún, ọkọ̀ wa yóò lọ kó àwọn aboyún tí ewu wà fún, wọn á wá dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi bímọ.

Èmi ni mò ń lọ láti ilé dé ilé láti mọ ẹni tó lóyún. Mo ń kọ orúkọ aboyún kọ̀ọ̀kan sí páálí kékeré. Pátákó ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì tí a ya gbogbo abúlé sí, abẹ́rẹ́ ni a sì fi ń kan páálí obìnrin mọ́ abúlé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ olórí funfun wà fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Olórí pupa wà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ya lára rẹ̀ nígbà ìbímọ rí, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ pupa ni ọkọ̀ ń lọ gbé, kò sí ẹlòmíràn.

Kí n sọ òtítọ́: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí pátákó yẹn, àyà mi já. Orúkọ obìnrin, tòun toyún inú rẹ̀, kí wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́ ògiri! Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í sọ oṣù oyún síta. Ọ̀tá ẹni ló ń fi irin gún orúkọ ẹni. Madame kò mọ èyí. Lójú tirẹ̀, abẹ́rẹ́ ni abẹ́rẹ́. Mo gbé e mì, mo sọ fún ara mi pé ọ̀làjú ni mí.

Ní abúlé Sanson, bí wọ́n bá ti rí kẹ̀kẹ́ mi lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn aboyún á ti wọlé, ẹni tó bá kù níta á fa aṣọ bo ikùn. Mo máa ń fi àwàdà mú wọn. Mo lè béèrè lọ́wọ́ ìyá kan pé, "Ṣé iṣu àná ló ṣì wà níkùn yín báyìí, àbí ẹni tí yóò bá wa jẹ iṣu ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì jáde. Mo ní ìwé lásán ni, kò sí ewu ńbẹ̀. N kò sọ ti abẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Goro, nílé ọkọ. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kejì, mo wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹní kọjá sí ilẹ̀, ètè rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọ̀nà gbẹ, ọkọ rẹ̀ rí alùpùpù gbé e dé Tchaourou, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé ó tún lóyún, tí ọmọ náà yóò dé nígbà iṣu tuntun, mo mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé abẹ́rẹ́ pupa ló tọ́ sí i.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Goro. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ó ń pa ẹ̀pà, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́. Nítorí pé àbúrò ìyàwó ilé ni mí, ìyàwó kékeré ló máa ń pè mí.

"Ìyàwó kékeré, kẹ̀kẹ́ yìí kò tíì sú ọ?"

"Kò tíì sú mi, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́. Nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe wá." Mo mú páálí jáde.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀pà. "Bon, mo ti gbọ́. Iṣẹ́ yín dára, ẹ máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ti ilé yìí, èmi ni n óò fi ẹnu ara mi kéde rẹ̀ nígbà tó bá tó. Ará ilé ìyàwó kì í kọ́kọ́ pe oyún ilé wa. A ti rí i rí, a sì rí ohun tó tẹ̀lé e."

Kò sọ ohun tó tẹ̀lé e. Mo dá páálí padà sínú àpò.

Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó dúró, ó di kẹ̀kẹ́ mi mú. "Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ń fi abẹ́rẹ́ gún orúkọ wa? Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yín ló sọ ọ́ lọ́jà."

Mo lè parọ́ fún gbogbo Sanson, ṣùgbọ́n n kò lè parọ́ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, àṣà òyìnbó lásán ni. Kí ọkọ̀ lè wá gbé yín ni."

"Kọ mí bí o bá fẹ́ kọ mí. Ṣùgbọ́n má gún mi mọ́ ògiri, àbúrò mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo mú abẹ́rẹ́ olórí pupa, mo gbé páálí rẹ̀ lé orí Goro. Ọwọ́ mi kọ̀. Orúkọ àwọn obìnrin ẹlòmíràn kún iwájú mi, gbogbo èyí tí mo ti gún mọ́ ibẹ̀ láìronú, tí mò ń súfèé bí mo ti ń gún wọn. Mo fi páálí ẹ̀gbọ́n mi sínú Bíbélì mi, láàárín ìwé Sáàmù, kí Ọlọ́run máa bá mi ṣọ́ ọ. Mo ní n óò fi ẹnu sọ fún Madame.

N kò sọ. Bí mo bá sọ, yóò béèrè ìdí tí páálí kò fi sí lára pátákó, èmi ọ̀làjú yóò sì ní láti jẹ́wọ́ pé mò ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ojú ń tì mí. Mo ń sọ lójoojúmọ́ pé ó di ọ̀la, pé ìyá ọkọ rẹ̀ yóò rọ̀, pé iṣu tuntun ṣì jìnnà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá ti wọ ọ́fíìsì láàárọ̀, ibi tó ṣófo lórí Goro ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ.

Òjò ọdún náà kò ṣe bí òjò. Lọ́sàn-án gbogbo, ojú ọ̀run apá Kika ń dúdú, afẹ́fẹ́ á dúró jẹ́ẹ́, àwọn èèrà ń kó ẹyin wọn gun ògiri ọ́fíìsì. Awakọ̀ wa, àgbà ọkùnrin tí a ń pè ní Tonton, wò ó, ó mi orí. "Tata," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀, "òjò yìí kò ní dúró de iṣu tuntun o." Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èmi tí mo ní ẹsẹ̀ méjì, tí mo ní kẹ̀kẹ́, n kò gbọ́n.

Wọ́n rán mi lọ sí abúlé Kika fún ọjọ́ mẹ́ta láti wọn ọmọ. Nígbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, gbogbo páálí abẹ́rẹ́ pupa ti kúrò lára pátákó, ihò ló kù. Madame ti rí i pé omi ń yára, ó sì ti rán ọkọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo sáré lọ sí ilé àwọn aboyún. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀.

Obìnrin kan láti Goro dìde lórí ibùsùn rẹ̀. Ó ní, "A rí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó jókòó síwájú ilé, ó ti kó ẹrù sínú abọ́ ńlá. Ìyá ọkọ rẹ̀ kéde oyún náà fún gbogbo àdúgbò láàárọ̀ òní, nítorí omi tó ń kún. Ìyá yẹn fúnra rẹ̀ ló bọ́ sójú ọ̀nà tó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀."

Mo bá Tonton níbi tó ti ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ọkọ̀.

"Mo dúró fún wọn, Tata. Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo wo àwọn páálí tí Madame kó fún mi títí, n kò rí orúkọ rẹ̀, ibùsùn sì ti pé. Mo wá sọ fún un pé, bon, bí àbúrò rẹ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò bá kọ ọ́, á jẹ́ pé kò sí ewu fún ọ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni, àbúrò òun mọ̀. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀."

N kò mọ bí mo ṣe wọ ọkọ̀. Mo ń kígbe pé kó yí padà, ó sì yí padà láìbéèrè ohunkóhun. Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí a dé odò. Afárá kò sí mọ́. Omi pupa ló wà níbẹ̀, ìtì igi kan ń yí lójú kan náà láàárín rẹ̀. A dúró. Lódìkejì, ọ̀nà Goro ń tàn nínú oòrùn, kò sí ẹnì kan lórí rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀ láti wo omi. Ọjọ́ kẹfà, ó fà sẹ́yìn. Kí a tó dé iwájú ilé, mo ti mọ̀, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe jókòó. Ọmọ kò dúró de iṣu tuntun, òun náà. Ó ti dé lọ́sàn-án àná, obìnrin, ara rẹ̀ le. Ẹ̀jẹ̀ sì ya, bí ti ìgbà ọmọ kejì, kò sì sí ọ̀nà. Wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀. Ó wo ojú mi. "Ìyàwó kékeré, ṣé o kọ orúkọ rẹ̀?"

"Mo kọ ọ́, Màmá."

Ó bú sẹ́kún. "Mo mọ̀ pé o kọ ọ́. Àwọn òyìnbó ló sọ ọ́ nù. Èmi ló fà á, n kò tètè yọ̀ǹda."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ẹ̀bi náà títí òun náà fi kú.

Ọmọ yẹn ti dàgbà, ọ̀dọ̀ mi ló gbé nígbà tó ń lọ sílé ìwé, ó sì máa ń bá mi gbé Bíbélì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Páálí náà ṣì wà nínú ìwé Sáàmù. Ó ti pọ́n létí, ṣùgbọ́n orúkọ ìyá rẹ̀ ṣì hàn ketekete, kò sì sí ihò kankan lára rẹ̀.