Orí Giramafóònù Bàbá Mi

Bí ẹ bá gbé orí giramafóònù àtijọ́ wá bá mi, ẹ má wulẹ̀ ròyìn. Màá yí i dojú dé, màá fi èékánná ha ìdọ̀tí ara rẹ̀, màá wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, màá sì sọ bóyá ojúlówó ni àbí ayédèrú. Gbogbo Táíwò Road ló mọ̀ mí sí i. Mo sì ń fi yangàn, kí n má parọ́.

Àmọ́ giramafóònù bàbá tèmi gan-an kò lórí. Láti kékeré mi ni orí ọ̀hún, ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ tí ohùn ń gbà jáde, ti pòórá. Ilé ààfáà ni ilé wa, mo sì gbà pé bàbá àgbà ló yọ ọ́ dànù nítorí ẹ̀sìn. Nígbà tí bàbá mi kú, mo pinnu pé ìyá mi gbọ́dọ̀ gbọ́ àwo wákà tí ọkọ wọn fẹ́ràn jù, kí etí wọn tó di pátápátá. Ìyá ní kí n fi í sílẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n.

Mo wá a dé Ọjà Tuntun, mo wá a dé Ọ̀fà Garage. Orí mẹ́ta ni wọ́n kó fún mi, mo kọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà wúrà kun ọ̀kan, ó ń dán bí eyín Alhaja. Àwọn méjì yòókù, nọ́ńbà wọn kò bá ti àpótí giramafóònù wa mu.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń po tàdáwà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú fi ń kọ wàláà. Wọ́n ní kí n bá àwọn dé kòlòbó rẹ̀. Mo mú ọmọrí dúdú tí mo ti ń fi dé e láti kékeré. Ọwọ́ iṣẹ́ yí i dojú dé, èékánná ha á. Nọ́ńbà yọ. Wàláhì, ó bá ti àpótí bàbá mi mu. Kí ẹnikẹ́ni má pòwe Sókótó fún mi o, mo ti pa á fún ara mi.

Mo ní, "Ìyá, ẹ wo ohun tí bàbá àgbà ṣe."

"Bàbá àgbà wo? Èmi ni mo yọ ọ́. Obìnrin inú àwo yẹn ni bàbá rẹ ì bá fẹ́, wọn ò fún un. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó tì í, témi ń gbọ́únjẹ."

Wọ́n nawọ́. Mo dá ojúlówó padà fún wọn, wọ́n fi dé tàdáwà wọn, wọ́n ní kí n lọ ṣe àlùwàlá.

Nísinsìnyí, bí oníbàárà bá gbé giramafóònù tí kò lórí wá, kí n tó wo nọ́ńbà, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé.