Àwòrán Ilẹ̀ Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sílé

Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ pé mo ti sọ oko bàbá mi di òkú ilẹ̀. Àárọ̀ Sátidé kan ni, ní Uptown, ní ìlú Chicago, láàárín àwọn ọdún 1980. Èmi àti Rísíkátù ìyàwó mi jókòó ti rédíò, à ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí ará ilé kan bá wa mú bọ̀ láti Ṣakí. Nígbà yẹn, òbí tí kò mọ̀wé kọ a máa sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, yóò sì fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ lókè òkun.

Ìyá mi kọ́kọ́ kí wa títí. Ó kí mi kú òtútù, ó kí Rísíkátù kú iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó kí Sàídì ọmọ wa tí kò tíì fojú kàn rí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé àwọn aṣọ́gbó ìjọba ti wá sí abúlé wa. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi tó yí oko bàbá mi àti ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ká. Wọ́n ní ilẹ̀ náà ti kú, àwọn àgbẹ̀ ló pa á, kí gbogbo wọn kó kúrò níbẹ̀ kí òjò tó dé, ìjọba fẹ́ gbin igi sí i.

“Wọ́n mú àwòrán kan dání,” ni ìyá mi wí. “Wọ́n ní orúkọ rẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní irọ́ ni, ọmọ tí mo bí kò lè ṣe é.”

Rísíkátù na ọwọ́, ó pa rédíò náà. “Bàbá Sàídì, which àwòrán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rewind ẹ̀.”

N kò lè rewind nǹkan kan. Mo mọ àwòrán tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi, nítorí títí dòní ni àwọn ẹbí mi kan rò pé èmi ni mò ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá òjò yóò rọ̀. Ohun tí a ń wò ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo sì ti ń lé oyè ọ̀mọ̀wé, ni bí ewéko, ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ṣe ń fa ara wọn. Ilẹ̀ tí ewéko bò a máa mí omi jáde sínú afẹ́fẹ́, omi yẹn sì wà lára ohun tó ń padà di òjò. Bí ewéko bá tán lórí ilẹ̀ tó fẹ̀, ẹ̀rù ń bà wá pé òjò náà lè sá. Ọ̀dá ti jà ní ẹ̀gbẹ́ aṣálẹ̀ nígbà náà, gbogbo ayé ló fẹ́ mọ̀ bóyá àgbẹ̀ ló fà á.

Sátẹ́láìtì ló ń ya ilẹ̀ náà fún wa láti òkè. Kì í ṣe fọ́tò ló fi ń ránṣẹ́, nọ́ńbà ni, lórí tépù tó tóbi tó àwo ìjẹun. Inú yàrá kọ̀ǹpútà kan lábẹ́ ilé ni mo ti ń sọ nọ́ńbà di àwọ̀: tútù yọ̀yọ̀ fún ewéko tó yè, pupa fún ibi tí kò sí nǹkan. Yàrá náà tutù débi pé kóòtù òtútù ni mò ń wọ̀ níbẹ̀ nínú oṣù kẹjọ.

Ọ̀gá mi ni Dókítà Ellen, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń jẹ kárọ́ọ̀tì láti àárọ̀ dalẹ́ bí ehoro. Lọ́jọ́ tí mo wá wá iṣẹ́, ó bi mí bóyá mo ti dé ilẹ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò rí. Mo ní orí rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.

Iṣẹ́ tó gbé fún mi ni kí n fi àwòrán ọdún kan wé ti ọdún mìíràn, kí a mọ ohun tó yí padà. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àwọsánmọ̀. Lásìkò òjò, funfun ni gbogbo àwòrán ilẹ̀ wa, o kò ní rí ewé kan ṣoṣo. Mo ń yọ tépù, mo ń ju tépù, títí mo fi rí méjì tó mọ́ kedere. Mo fi wọ́n wéra: gbogbo agbègbè wa ti ti àwọ̀ tútù bọ́ sí pupa. Dókítà Ellen ní iṣẹ́ ńlá ni. A kọ ọ́ sílẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀.

Ká ní mo fi mọ síbẹ̀, ì bá sàn. Àmọ́ ojú ń kán mi kí àwọn ará ilé mọ̀ pé mo ti di nǹkan. Mo tẹ ẹ̀dà kan jáde, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sísàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Gàníyù, ọmọ kíláàsì mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì igbó ọba, níbi tí àwọn aṣọ́gbó ti ń gbàṣẹ, pé kí ó gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀.

Rísíkátù tún tan rédíò. Ìyá mi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Bàbá rẹ bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n ya àwòrán náà. Wọn kò mọ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun igbẹ́ ni, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn òjò méjì. Ìgbà tí wọ́n wá dárúkọ rẹ, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ wọlé.”

Oṣù wo? Mo wọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, mo bọ́ sínú yìnyín, mo wọ reluwé lọ sí ibi iṣẹ́. Wọn kì í kọ orúkọ oṣù sára tépù. Nọ́ńbà ọjọ́ ni wọ́n ń kọ, láti oókan títí dé òpin ọdún. Mo fi ìka ka àwọn ọjọ́ náà. Tépù àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí koríko ṣì tutù. Èkejì bọ́ sí oṣù kejì, nígbà tí gbogbo Òkè Ògùn ti jóná tán fún iṣẹ́ oko. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà. Èmi tí mo máa ń fi ẹ̀ka tútù pa iná kí ó má bàa jó àká ọkà wa, èmi ni mo wo ilẹ̀ tí a sun tí mo pè é ní òkú! Bàbá mi tí kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí béèrè ohun tí gbogbo wa kò béèrè.

Ní Mọ́ńdè, mo jẹ́wọ́ fún Dókítà Ellen. Mo mọ̀ pé oyè tí mò ń lé lè bá a lọ. Ó gbé kárọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí bóyá ẹlòmíràn ti rí àwòrán náà. Mo sọ ti Gàníyù fún un. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ṣé àwọn ènìyàn ń gbé lórí ilẹ̀ náà?”

“Bàbá mi ni.”

Kò bú mi. Ó ní ó yẹ kí òun náà ti béèrè oṣù. Ọjọ́ náà gan-an ló kọ lẹ́tà pé kí wọ́n dá ìwé wa padà, ó sì kọ òmíràn sí ọ́fíìsì igbó ọba. Oyè mi falẹ̀ gan-an. A tún iṣẹ́ náà ṣe pẹ̀lú gbogbo oṣù, mo sì rí i bí ilẹ̀ wa ṣe ń tutù padà lọ́dọọdún bí òjò bá ti rọ̀. Láti ìgbà náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé àwòrán wá bá mi, mo máa ń bi í pé oṣù wo ni, kí sì ni àwọn tó ni ilẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ nínú oṣù náà.

N kò fọkàn tán lẹ́tà. Ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo wọ bàálù lọ sílé. Gàníyù ti ní kí àwọn aṣọ́gbó má lé ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì bẹ̀ mí kí n má fi àwòrán ránṣẹ́ sí òun mọ́. Mo gba abúlé lọ pẹ̀lú ìdùnnú. Gbogbo oko tí mo kọjá ló kún fún ebè, ọ̀dà pupa ṣì wà lára igi, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ìgbà tí mo dé oko tiwa, ẹnu yà mí: koríko ti dé orúnkún, kò sí ebè kan.

Bàbá mi dúró létí oko náà pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Mo bi í pé kí ló dé tí òun nìkan fi ilẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó padà wá lé wọn.

“Ìwé rẹ ló ní ó ti kú,” ó dáhùn. “Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èmi ni mo rán ọ lọ sílé ìwé, n kò lè tún pe ìwé rẹ ní irọ́.”

“Bàbá, kò kú rí. Èmi ni mo ṣìṣe.”

Ó wo ilẹ̀ náà pẹ́, ó sì yíjú sí mi. “Ṣé kí n kọ ebè sí i?”

Bàbá mi, tó ti ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ló ń gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nínú koríko tútù náà.